Oògùn Apèpò Aṣàyàn lórí Pápá Koríko

Oògùn apèpò aṣàyàn ni kẹ́míkà tí ó ń pa èpò láàárín ohun ọ̀gbìn láìpa ohun ọ̀gbìn náà. Lórí pápá koríko, ohun ọ̀gbìn yẹn ni koríko ọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti àgbàlá ilé, ti pápá ìṣeré ilé-ìwé, ti pápá gọ́ọ̀fù tàbí ti iwájú ilé-iṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ náà le ju ti oko lọ. Lóko àgbàdo, ọmọdé pàápàá mọ àgbàdo yàtọ̀ sí imí-eṣú. Lórí pápá, koríko ni à ń dáàbò bò, koríko sì ni púpọ̀ nínú ohun tí ó ń bá a du ilẹ̀.

Kò sí oògùn kan tí ó ń ṣàyàn níbi gbogbo àti nígbà gbogbo. Irú ewéko tí oògùn bà lé, ìwọ̀n tí a pò, àti ipò tí koríko wà lọ́jọ́ tí a fín in ni wọ́n jọ ń pinnu ohun tí yóò kú àti ohun tí yóò yè. Bí a bá sọ ìwọ̀n di ìlọ́po méjì, oògùn tí ó dá koríko sí tẹ́lẹ̀ lè jó o gbẹ. Nítorí náà, ìmọ̀ tí ó ń dáàbò bo koríko náà ló ń dáàbò bo ẹni tí ó ń fín oògùn, ọmọ tí ó ń ṣeré lórí pápá, àti ẹ̀fọ́ tí aládùúgbò gbìn sí ẹ̀yìn ògiri. Gbogbo rẹ̀ dá lórí kí oògùn má pọ̀ ju bó ṣe yẹ, kí ó má sì lọ síbi tí a kò rán an.

Koríko ọ̀ṣọ́ àti èpò rẹ̀

Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, koríko méjì ló gbajúmọ̀ lórí pápá. Èkíní ni Axonopus compressus, tí àwọn olùtọ́jú ọgbà ń pè ní kápẹ́ẹ̀tì-gíráàsì: ewé rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ó fẹ́ràn ilẹ̀ tútù, ó sì ń fara da ìbòòji igi. Èkejì ni Cynodon dactylon, tí wọ́n mọ̀ sí Bàhámà: ewé rẹ̀ tínrín, kò fẹ́ ìbòòji rárá, ṣùgbọ́n ó ń fara da ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi dára fún pápá bọ́ọ̀lù. Stenotaphrum secundatum, Zoysia àti Paspalum notatum náà wà lágbàlá àwọn mìíràn. Dandan ni kí a mọ èyí tí ó wà nílẹ̀ kí a tó ra oògùn, nítorí ohun tí Bàhámà gbà mọ́ra lè pọ́n ewé kápẹ́ẹ̀tì-gíráàsì, Stenotaphrum sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn koríko ọ̀ṣọ́ tí 2,4-D tètè máa ń ṣe léṣe.

Èpò pápá wà ní ìsọ̀rí mẹ́ta. Àwọn eléwé gbòòrò ló rọrùn jù láti dá mọ̀: patanmọ́ tí ń pa ewé dé bí a bá fọwọ́ kàn án, ètìpọ́nlá, imí-eṣú, emi-ilẹ̀ tí oje funfun ń jáde lára rẹ̀, àti Tridax procumbens tí òdòdó rẹ̀ máa ń nà sókè lórí ọ̀pá gígùn lọ́jọ́ kejì tí a gé pápá. Ìsọ̀rí kejì ni àwọn koríko tí kì í ṣe ti ọ̀ṣọ́, pàápàá gbégi, ìyẹn Eleusine indica, tí ó fẹ́ràn ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ le. Ìsọ̀rí kẹta ni àwọn ìbátan òfìo àti làbẹ́làbẹ́, tí wọ́n jọ koríko lójú ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe koríko. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ wọ́n: bí a bá yí ọ̀pá wọn láàárín ìka méjì, a ó mọ igun mẹ́ta lára rẹ̀, nígbà tí ọ̀pá koríko máa ń rí roboto tàbí pẹlẹbẹ.

Nínú ìsọ̀rí kẹta yìí ni Cyperus rotundus wà. Nígbà tí LeRoy Holm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwé lórí èpò tó burú jù lágbàáyé ní 1977, òun ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́. Agbára rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀. Ó máa ń ta okùn tín-ín-rín sínú ilẹ̀, ó sì ń so kókó dúdú sára okùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí kan ìkejì. Bí okùn bá wà ní pípé, kókó tó wà lókè ló sábà máa ń hù, àwọn ìyókù á sùn. Ọkọ́ tí ó bá já okùn náà ló ń jí wọn. Ẹni tí ó bá fi ọkọ́ dojú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tí kò sì padà wá fún oṣù mélòó kan yóò bá púpọ̀ sí i. Oògùn tí a fi ń pa eléwé gbòòrò kì í ká a. Ó ní tirẹ̀, bíi halosulfuron, tí ewé rẹ̀ máa ń gbà wọlé tí ó sì ń bá oje lọ sí kókó.

Fún ìdámọ̀ èpò, ìwé tí ó ṣì wúlò jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ní agbègbè yìí ni A Handbook of West African Weeds, tí Okezie Akobundu àti C. W. Agyakwa kọ, tí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó wà ní Ìbàdàn, tẹ̀ jáde ní 1987. Kò tíì sí oògùn tí ó lè tún àṣìṣe ìdámọ̀ ṣe.

Ó yẹ kí a béèrè ìdí tí èpò fi rí ààyè. Gbégi sábà máa ń fi hàn pé ilẹ̀ ti le. Àwọn ìbátan làbẹ́làbẹ́ máa ń pọ̀ níbi tí omi ti ń dúró. Pápá tí a ń gé mọ́lẹ̀ jù, tí ilẹ̀ pupa rẹ̀ ń hàn, ti pe gbogbo hóró èpò tí oòrùn lè jí. Púpọ̀ nínú àwọn pápá tí a ń fín oògùn sí lọ́dọọdún ni ìbá ti bọ́ bí a bá gbé abẹ ẹ̀rọ ìgékoríko sókè díẹ̀, tí a fi fọ́ọ̀kì gún ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, tí a sì fún koríko ní ajílẹ̀ nígbà òjò. Bí èpò kò bá sì ju ìwọ̀nba tí ọwọ́ ká lọ, kí a tu ú lẹ́yìn òjò nígbà tí ilẹ̀ rọ̀. Oògùn wà fún ibi tí èpò ti gba ilẹ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè kápá.

Bí oògùn ṣe ń dá koríko sí

Oògùn aṣàyàn tí ó yí iṣẹ́ yìí padà ni 2,4-D. Àwọn onímọ̀ ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà ló ṣiṣẹ́ lé e lórí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì dé ọjà ní Amẹ́ríkà ní 1945. MCPA, ìbátan rẹ̀ tí a ṣàwárí ní Bìrìtìkó, kò jìnnà sí i. Títí di òní, ọ̀pọ̀ oògùn pápá ní ọ̀kan nínú wọn, tàbí kí wọ́n pò ó pọ̀ mọ́ mecoprop tàbí dicamba.

Gbogbo ewéko ló ní họ́mọ́ọ̀nù kan tí ń jẹ́ auxin, tí ó ń darí bí ọ̀pá ṣe ń ga àti bí gbòǹgbò ṣe ń yọ. Iṣẹ́ auxin ni 2,4-D ń ṣe láyédèrú, ṣùgbọ́n ewéko kò lè tú u palẹ̀ bí ó ṣe ń tú ti ara rẹ̀. Nínú èpò eléwé gbòòrò, ìdàgbàsókè á yọ̀ láìsí ìjánu: ọ̀pá á lọ́, ewé á ká, àwọn ọ̀nà tí oje ń gbà kọjá á wú títí wọn yóò fi dí. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ìlọ́rùn máa ń hàn. Ikú gan-an lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Koríko bọ́ nínú èyí fún ìdí tí ó ju ẹyọ kan lọ. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì nàró, nítorí náà oògùn máa ń ṣàn kúrò lára rẹ̀. Ibi tí ó ti ń dàgbà fara pamọ́ sí ìdí, ewé sì ń bò ó; ti eléwé gbòòrò wà ní ṣóńṣó níta gbangba. Àwọn ọ̀nà oje koríko wà káàkiri inú ọ̀pá láìṣe òrùka, wọn kò sì ní ìpele tí ó lè wú bí ti eléwé gbòòrò. Lékè gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ koríko máa ń gbé oògùn náà kiri díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì tètè ń sọ ọ́ di ohun tí kò lè pa wọ́n. Ìdáàbòbò yìí ní òpin. Koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò tíì ní i tó. Àṣà ni pé kí a dúró títí a ó fi gé koríko titun bí ìgbà mẹ́ta kí a tó fín ohunkóhun sí i. Koríko tí ọ̀dá ti mú náà kì í lè fara dà á.

Pípa koríko láàárín koríko gba ọgbọ́n mìíràn. Quinclorac lè pa àwọn koríko èpò kan bíi Digitaria láàárín Bàhámà, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe gbégi ní nǹkan kan. Ọ̀nà tí ó dájú jù fún koríko èpò ọlọ́dún kan ni kí a má jẹ́ kí ó hù. Pendimethalin àti prodiamine ni a máa ń fín sórí ilẹ̀ kí hóró tó hù; wọ́n ń dúró ní òkè ilẹ̀ bí àwọ̀n, wọ́n sì ń dá gbòǹgbò ọmọ ewéko dúró. Àkókò wọn ni ṣáájú kí òjò àkọ́rọ̀ tó múlẹ̀ ní oṣù Kẹta, tàbí ní ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ, kí òjò tí ó tún ń bọ̀ tó jí àwọn hóró mìíràn. Wọ́n nílò omi díẹ̀, ti òjò tàbí ti pọ́ǹpù, láti wọ ilẹ̀. Níbi tí koríko ọ̀ṣọ́ ti ní ojú páńdán tí a fẹ́ kí ó nà bò, kò yẹ kí a lò wọ́n, nítorí wọ́n ń dá gbòǹgbò tí koríko fẹ́ ta síbẹ̀ dúró pẹ̀lú.

Ríra oògùn

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù máa ń ṣẹlẹ̀ lójú ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á ní òun fẹ́ “oògùn koríko”, ọlọ́jà á sì gbé glyphosate fún un. Oògùn koríko ni lóòótọ́: ó ń pa koríko, ó ń pa èpò, ó ń pa òdòdó, títí dé gbòǹgbò. Ọ̀sẹ̀ méjì kò ní pé tí pápá yóò fi di pupa. Glyphosate wúlò fún ìdí ògiri, fún àárín òkúta ọ̀nà, tàbí láti nu ilẹ̀ kí a tó gbin koríko titun. Kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí ó yẹ kí olùtọ́jú pápá lásán máa fín sórí koríko tí ó ń fẹ́.

Paraquat ni oògùn kejì tí ó yẹ kí a yẹra fún. Kò ṣàyàn, kò sì ní ẹ̀rọ̀: ìwọ̀nba díẹ̀ tí ènìyàn bá gbé mì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ títí dé ikú. NAFDAC, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso oúnjẹ, oògùn àti kẹ́míkà, fòfin dè é ní Nàìjíríà láti oṣù Kìíní 2024. Ẹni tí ó bá rí i lórí àtẹ, kí ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Atrazine ni ìkẹta, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún un ní pàtàkì, torí pé àwọn ìwé ìtọ́jú pápá láti Amẹ́ríkà ṣì ń dárúkọ rẹ̀ fún Stenotaphrum. Ó máa ń wọ́ wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀, NAFDAC sì fòfin dè é láti 2025. Ìmọ̀ràn tí a kọ fún ilẹ̀ mìíràn kò gbọdọ̀ borí òfin ilẹ̀ tí a wà.

Lára ike, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ fún oògùn kọ́ ló ṣe pàtàkì, bí kò ṣe orúkọ èròjà tí ó ń pa èpò àti iye gíráàmù rẹ̀ nínú lítà kan. 2,4-D tí ó jẹ́ 720 gíráàmù nínú lítà kan wọ́pọ̀ lọ́jà. Kí nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, kí ìdérí má tíì ṣí, kí ọjọ́ ìparí má tíì kọjá. Ọ̀já aláwọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ lébẹ́ẹ̀lì ń sọ bí májèlé rẹ̀ ti le tó: pupa ló le jù, yẹ́lò tẹ̀ lé e, búlúù tẹ̀ lé ìyẹn, àwọ̀ ewé ló kéré jù. Kí ẹnikẹ́ni má ra oògùn tí wọ́n dà sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ìgò omi. Oògùn bẹ́ẹ̀ kò ní lébẹ́ẹ̀lì, kò ní ìwọ̀n, ọmọdé sì lè mu ún.

2,4-D wà ní oríṣi méjì tí ó yẹ kí a mọ̀ yàtọ̀: amine àti ester. Púpọ̀ nínú ester máa ń di oru nígbà ooru, oru yẹn sì lè rìn lọ bá ewéko tí ó jìnnà. Amine kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ fún agbègbè olóoru àti fún pápá tí ilé yí ká.

Àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù 2,4-D nítorí pé ó wà nínú Agent Orange, tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà fín sí igbó Vietnam. Májèlé tí ó sọ àpòpọ̀ yẹn di olókìkí burúkú ni dioxin, tí ó ti ara 2,4,5-T wá, ìyẹn èròjà kejì nínú rẹ̀. Èyí kò sọ 2,4-D di omi mímu. Ní 2015, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tí ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ, fi í sí ìsọ̀rí àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n fa jẹjẹrẹ, ẹ̀rí kò sì tíì tó láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn tó ìdí láti yẹra fún ìfarakanra rẹ̀, kò sì tó ìdí láti máa sọ ìtàn Vietnam lójú pápá.

Wíwọn oògùn

Lébẹ́ẹ̀lì máa ń sọ iye oògùn fún hẹ́kítà kan. Ẹ̀rọ ìfínoògùn àgbékẹ́yìn kò mọ hẹ́kítà. Iye omi tí ó ń tú dá lórí ẹnu rẹ̀, agbára ọwọ́ tí ń fún un, àti ìyára ẹsẹ̀ ẹni tí ó gbé e. Àwọn ènìyàn méjì lè gbé ẹ̀rọ kan náà kí ìkan tú ìlọ́po méjì ti ìkejì sórí ilẹ̀. “Ìdérí méjì fún tánkì kan” kò jẹ́ ìwọ̀n. Ẹni tí yóò fín in ni yóò wọn ara rẹ̀, omi lásán ni a sì fi ń ṣe é.

A ó wọn ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 10 ní ìbú àti mítà 10 ní òró, ìyẹn 100 mítà onígun-mẹ́rin. A ó bu omi sínú tánkì dé àmì kan, a ó fín ilẹ̀ náà bí a ṣe máa ń rìn, a ó sì wo iye omi tí a óò tún bù kí ó tó padà dé àmì yẹn. Ká sọ pé lítà 4 ni. Tánkì lítà 16 yóò tó 400 mítà onígun-mẹ́rin nìyẹn. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá sọ pé lítà 2 oògùn fún hẹ́kítà kan, tí hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 mítà onígun-mẹ́rin, mílílítà 0.2 ló kan mítà onígun-mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ìlọ́po 400 rẹ̀ jẹ́ mílílítà 80. Mílílítà 80 yìí ni yóò wọ tánkì kan, kò gbọdọ̀ lé. Ẹni tí pápá rẹ̀ kò ju 200 mítà onígun-mẹ́rin lọ yóò po lítà 8 omi àti mílílítà 40 oògùn péré, kí nǹkan kan má ṣẹ́ kù tí yóò máa wá ibi tí yóò dà á sí.

Agolo tàbí ife oníàmì mílílítà ni kí a fi wọ̀n ọ́n, kí a sì yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí títí láé. Omi ìdajì ló ń kọ́kọ́ wọ tánkì, lẹ́yìn náà oògùn, lẹ́yìn náà omi ìyókù. Omi náà gbọdọ̀ mọ́. Omi ẹlẹ́rẹ̀ ń dí ẹnu ẹ̀rọ, ó sì máa ń sọ àwọn oògùn kan di aláìlágbára.

Ẹnu ẹ̀rọ tí ó ń tú omi jáde bí abẹ̀bẹ̀ ló yẹ fún pápá. Èyí tí ó ń tú u ní òbìrípo, tí a fi ń fín kòkòrò, máa ń sọ omi di ìkùukùu tí afẹ́fẹ́ yóò gbé lọ. Ẹsẹ̀ ń lọ ní ìṣísẹ̀ kan náà, ẹnu ẹ̀rọ wà ní bí ààbọ̀ mítà sókè koríko, a kò sì ń jù ú sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń gbá ilẹ̀. Bí èpò bá wà ní ojú-ojú, ojú-ojú ni kí a fín. Kò sí ìdí láti fín oògùn sí koríko tí èpò kò sí láàárín rẹ̀.

Afẹ́fẹ́, ooru àti òjò

Kì í ṣe ọjọ́ gbogbo ló ṣeé fi fín oògùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń mi ẹ̀ka igi kékeré láìdákẹ́, kí a gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. Èyí tí ó ń mi ewé díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń fẹ́ sí apá ibi tí kò sí ohun tí ó lè bàjẹ́, ló dára jù. Afẹ́fẹ́ tí kò mì rárá léwu ju bí a ti rò lọ. Ní kùtùkùtù ọ̀yẹ̀, bí ìkùukùu bá dúró sókè ilẹ̀ tí èéfín ilé ìdáná ò sì lọ sókè, afẹ́fẹ́ tútù ti há sábẹ́ èyí tí ó gbóná. Omi kíkúnná tí a bá fín nígbà náà kò ní tètè bọ́ sílẹ̀. Yóò dúró lófuurufú, yóò sì rìn lọ síbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Kí a dúró títí oòrùn yóò fi tú ìkùukùu náà ká.

Kí a sì parí iṣẹ́ kí ooru tó dé. Bí ojú ọjọ́ bá ti lé ní 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, oògùn auxin á túbọ̀ máa di oru, koríko ọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ á sì rọ. Ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, àlàfo tí èyí fi sílẹ̀ kò pọ̀: láti bí aago méje ààbọ̀ sí mẹ́wàá àárọ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́. Ewé gbọdọ̀ gbẹ ìrì, òjò kò sì gbọdọ̀ súnmọ́. Iye wákàtí tí oògùn ń fẹ́ kí òjò tó rọ̀ wà lára lébẹ́ẹ̀lì. Kí a má gé koríko fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí ewé èpò lè fẹ̀ tó láti gba oògùn, kí a má sì gé e fún iye ọjọ́ kan náà lẹ́yìn rẹ̀, kí oògùn lè dé gbòǹgbò.

Àwọn ohun tí 2,4-D tètè ń bà jẹ́ pọ̀ nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé Yorùbá: tòmátò, ata, ilá, ẹ̀wà, ewédú, tẹ̀tẹ̀, ìbẹ́pẹ. Ewé wọn á ká, á sì rí wínníwínní, nígbà mìíràn láti ìwọ̀n tí ojú kò lè rí. Ẹni tí ó ní irú ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀ létí pápá, kí ó fi ọwọ́ tu èpò tí ó wà nítòsí rẹ̀. Dicamba sì ní ewu tirẹ̀: ó máa ń wọ ilẹ̀ lọ bá gbòǹgbò igi. Abẹ́ máńgòrò, abẹ́ ọsàn àti ìdí òdòdó kò gbọdọ̀ rí i.

Ara ẹni tí ó ń fín oògùn

Àkókò tí ó léwu jù ni ìgbà tí a ń ṣí ike tí a sì ń wọn oògùn tí kò tíì bá omi pàdé. Ọwọ́ ló sábà máa ń fara gbá a, nítorí náà ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn ṣáájú ohun gbogbo. Ìbọ̀wọ́ aṣọ burú ju ọwọ́ lásán lọ, torí ó ń fa oògùn mu, ó sì ń dì í mọ́ ara. Lẹ́yìn èyí ni awò ààbò ojú, ẹ̀wù alápá gígùn, ṣòkòtò gígùn àti bọ́ọ̀tù rọ́bà. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ń wà níta bọ́ọ̀tù, kí ohun tí ó bá ṣàn wálẹ̀ má bọ́ sínú rẹ̀. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè dá oru dúró. Ìbòmú tí lébẹ́ẹ̀lì bá dárúkọ ni kí a lò. Ẹ̀rọ tí ó ń jò ní ẹ̀yìn ń rọ oògùn sára fún gbogbo wákàtí iṣẹ́, nítorí náà omi lásán ni a fi ń yẹ ẹ́ wò kí oògùn tó wọ inú rẹ̀.

Bí ẹnu ẹ̀rọ bá dí, àwọn kan máa ń fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ọ̀nà tí ó kúrú jù láti gbé oògùn mì nìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ló wà fún un. Kò sí jíjẹ, mímu tàbí sìgá mímu títí ọwọ́ yóò fi rí ọṣẹ. A ń wẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, a sì ń fọ aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀, kò gbọdọ̀ bá aṣọ ọmọ pàdé nínú ọpọ́n.

Bí oògùn bá dà sí ara, kí a bọ́ aṣọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí a sì fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ wẹ ibẹ̀. Bí ó bá ta sí ojú, kí a ṣí ìpéǹpéjú, kí omi mímọ́ máa ṣàn kọjá fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí a tó gba ilé ìwòsàn lọ. Bí ẹnìkan bá gbé e mì, kí a má fún un ní epo pupa, kí a má fún un ní mílíìkì, kí a má sì fi ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó bì. Epo pupa kò pa májèlé yìí. Nínú ọ̀pọ̀ oògùn èpò ni kẹ́míkà bíi kẹrosíìnì wà, tí ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí ènìyàn bá ń bì. Ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbà, kí ike oògùn pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá aláìsàn lọ, torí orúkọ èròjà ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.

Lẹ́yìn fífín

Ọmọdé, ajá àti àgùntàn kò gbọdọ̀ dé orí pápá títí oògùn yóò fi gbẹ pátápátá, tàbí fún iye àkókò tí lébẹ́ẹ̀lì bá kọ bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì kékeré lẹ́nu ọ̀nà tó fún èyí; ní pápá ilé-ìwé, ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ ló sàn jù.

Koríko tí a bá gé lẹ́yìn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹni tí ń gé pápá máa ń kó koríko fún ewúrẹ́ tàbí kí ó fi bo ebè ẹ̀fọ́. Àwọn gígé àkọ́kọ́ lẹ́yìn fífín kò gbọdọ̀ lọ sí ọ̀nà méjèèjì. Kí wọ́n wà lórí pápá níbi tí wọ́n bọ́ sí. Clopyralid àti aminopyralid ni ó burú jù nínú èyí: wọ́n lè la inú ẹran kọjá, kí wọ́n la ààtàn kọjá, kí wọ́n sì tún ba tòmátò jẹ́ lẹ́yìn oṣù púpọ̀. 2,4-D kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ilẹ̀ tí ó lọ́rinrin tí ó sì gbóná, àwọn kòkòrò àìfojúrí máa ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀rọ tí a fi fín 2,4-D ṣòro láti fọ̀ mọ́. Ohun tí ó bá kù nínú rọ́bà rẹ̀ lè pa tòmátò nígbà tí a bá fi ẹ̀rọ náà fín oògùn kòkòrò. Bí agbára bá ká a, kí ẹ̀rọ èpò dá wà. Omi tí a fi fọ̀ ọ́ ń padà sórí pápá tí a fín. Kì í lọ sí gọ́tà tàbí ìdí kànga. Ike tí ó ti ṣófo ń gba omi fífọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, omi kọ̀ọ̀kan sì ń wọ tánkì kí iṣẹ́ tó parí. Lẹ́yìn náà a ń dá a lu, kí ó má baà di ike epo pupa tàbí ike omi ní ọjà, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. A kì í sun ún. Oògùn tí ó kù ń wà nínú ike rẹ̀ gan-an, nínú àpótí tí a tì, kúrò nílé ìdáná àti kúrò nítòsí ajílẹ̀ àti hóró.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó tún pápá wò. Èpò tí ó ti lọ́ rùn ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń yọ ọ̀mùnú titun, bí patanmọ́ àgbà tí ìdí rẹ̀ ti di igi, lè nílò fífín ẹlẹ́ẹ̀kejì ní ojú ibi tí ó wà nìkan, tàbí oògùn mìíràn bíi fluroxypyr, bí lébẹ́ẹ̀lì bá gbà á láyè lórí irú koríko tí ó wà nílẹ̀. Bí èpò kan náà bá yè lẹ́yìn tí a fín ìwọ̀n tó yẹ ní àkókò tó yẹ, kí a má fi kún ìwọ̀n. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tí oògùn náà kò lè pa ti wà láàárín wọn, tí àwọn ọmọ wọn nìkan á sì máa kù lọ́dún kan sí ìkejì. Gbégi tí ó kọ oògùn ti wà ní onírúurú ilẹ̀ lágbàáyé. Ọ̀nà tí a fi ń dènà èyí ni kí a máa pààrọ̀ oògùn tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa èpò yàtọ̀ síra, kì í ṣe èyí tí orúkọ ọjà wọn nìkan yàtọ̀, kí ọwọ́ sì máa tu èyí tí ó bá ṣẹ́ kù kí ó tó so hóró. Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré tí ó ní ọjọ́ fífín, orúkọ èròjà, mílílítà, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí àti ohun tí èpò ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni olùtọ́jú pápá yóò fi mọ èyí tí ó kàn láti lò.